Ẹni Kẹta Nínú Ìjà Ilé

Nínú ilé tí bàbá àti ọmọ kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹnìkan máa ń wà tó ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ń rán. "Sọ fún un pé kó wá kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá yẹn." "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò ráyè lọ́sẹ̀ yìí." Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ àkọ́bí obìnrin, ó lè jẹ́ ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ rán láti ilé ìdáná sí pálọ̀ pé, "Lọ sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti wà lórí tábìlì," tí bàbá náà sì dá a padà pé, "Sọ fún ìyá ẹ pé ebi ò pa mí." Bẹ́ẹ̀ ilé náà kò ju pálọ̀ àti yàrá méjì lọ, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá tí kò jẹ́ irú iṣẹ́ yìí rí, kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ń rán nílé tiwa. Hẹdimásítà ni bàbá wa kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, irú èyí tí àwọn òbí ọmọ máa ń dọ̀bálẹ̀ kí láti òdìkejì títì. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọkùnrin náà wọ fásitì, ó dé ọdún kẹta, ó ní òun ò ṣe mọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ báábà. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú bàbá wa, ẹni tó yẹ kó di lọ́yà ló wà níbẹ̀ tó ń fá orí fún ọmọ aládùúgbò. Láti ìgbà náà, "ọmọ ẹ" ni wọ́n ń pè é bí wọ́n bá ń bá ìyá wa sọ̀rọ̀, "àbúrò ẹ" ni bí wọ́n bá ń bá èmi sọ̀rọ̀. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ kò wá sẹ́nu wọn mọ́. Àbúrò mi náà ò gba gbẹ̀rẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó jáde kúrò nínú WhatsApp ẹbí wa, kò sọ nǹkan kan. A kàn rí i níbẹ̀ pé ó ti kúrò.

Ohun tí wọ́n sọ síra wọn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé kọ́ là ń gbé síta.

Mi ò ka ara mi mọ́ àwọn tó ń jà. Àwọn méjì ló ń jà, èmi ń làjà ni, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń rò ó. Ìwé ìtàn tín-ín-rín kan tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nílẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ mú mi jókòó ro ọ̀rọ̀ náà wò. Mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá títì, torí pé owó rẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì, mo sì fẹ́ ohun tí màá máa kà nínú mọ́tò.

Orúkọ rẹ̀ ni The Outsiders. S. E. Hinton ló kọ ọ́, ó jáde ní 1967. Obìnrin ni Hinton. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nílùú Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fi síwájú orúkọ bàbá rẹ̀, kí àwọn ọkùnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé nínú ìwé ìròyìn má baà fojú tín-ín-rín wo ìtàn ọmọ ìta tí ọmọbìnrin kọ. Ìjà ìgboro inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí, ìjà àwọn ọmọ tálákà tó ń fi òróró dán irun àti àwọn ọmọ olówó apá kejì ìlú. Mo sáré fo púpọ̀ nínú ìjà yẹn. Ilé àwọn Curtis ni mo ń padà lọ.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú ilé náà. Bàbá àti ìyá wọn ti kú nínú jàm̀bá ọkọ̀. Darry, ẹ̀gbọ́n pátápátá, jẹ́ ọmọ ọdún 20. Ó mọ̀wé, ó mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n owó yunifásítì kò sí, ó ń kan òrùlé ilé onílé kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè jẹun. Sodapop ló tẹ̀lé e, ọmọ ọdún 16, ó ti fi iléèwé sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nílé epo. Ponyboy, ọmọ ọdún 14, ni àbíkẹ́yìn, òun ló sì ń sọ ìtàn náà fún wa. Bí àwọn àbúrò méjèèjì bá da ìjọ̀ngbọ̀n sílẹ̀, ìjọba lè wá kó wọn lọ sílé ìtọ́jú ọmọ. Nítorí náà, ohun gbogbo tí Darry bá sọ fún Ponyboy, ìbáwí ni. Kí ló dé tí máàkì yìí fi jẹ́ báyìí? Ibo lo wà látàárọ̀? Ṣé o ò lè ronú ni? A mọ Darry nílẹ̀ Yorùbá. Òun ni ẹ̀gbọ́n tó di bàbá ní ọ̀sán kan òru kan, tí ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ponyboy kò rí òrùlé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gùn. Igbe nìkan ló ń gbọ́. Ó gbà pé Darry kò fẹ́ràn òun rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pẹ́ kó tó wọlé. Darry ti dúró dè é, ó fi igbe pàdé rẹ̀. Soda ní kí òun bá wọn dá sí i, Darry jágbe mọ́ Soda náà pé kó panu mọ́. Ibẹ̀ ni Ponyboy ti gbaná jẹ: kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ Soda! Darry gbá a létí. Ọmọ náà sá jáde sínú òru, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní òru yẹn gba ẹ̀mí.

Ẹ tún un wò. Ponyboy ti ń fara da igbe látọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tí kò lè fara dà ni pé igbe náà bá ẹni tó ń làjà. Ìdí rèé tí mo fi sọ pé ẹni kẹta kò sí níta ìjà. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ṣùgbọ́n apá ìparí ìwé náà ló mú mi dá a dúró, tí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀. Òkú ti sùn, ẹjọ́ ti tán, Darry ti sunkún níwájú àbúrò rẹ̀ ní ọsibítù, Ponyboy sì ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun. Ẹ rò pé ó parí. Kò parí, wọ́n tún ń jà lórí máàkì àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Lọ́jọ́ kan Soda gba lẹ́tà kan padà, èyí tó kọ sí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn, tí ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ ṣí. Darry àti Ponyboy tún bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn lójú rẹ̀, Soda sì fò dìde, ó sá jáde. Wọ́n lé e bá. Ó sọ fún wọn pé òun dà bí okùn tí ẹni méjì ń fà. Òun mọ ohun tí Darry ń rí, òun mọ ohun tí Ponyboy ń rí, òun ò sì lè gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Nígbà náà ni Ponyboy ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni òun ti ń sọ fún wa pé Soda ló lẹ́rìn-ín jù, Soda ló rọrùn bá gbé, Soda ò níṣòro. Òun ò fi ọjọ́ kan bi í léèrè rí.

Ohun tí irú ìwé yìí lè ṣe nìyẹn, tí mi ò rí kí ìwé àwọn àgbàlagbà fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Àgbàlagbà tó ń sọ ìtàn ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kó tó lanu. Ọmọ ọdún 14 kò tíì mọ̀. Ó ń ka ohun tó rí fún wa, bí ó ṣe rí i, ó fo ohun tó ṣe pàtàkì jù, àwa tí à ń kà á la óò máa ṣírò ohun tó fò. Nínú ìṣírò yẹn ni ilé tiwa ti máa ń yọjú.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjì wa nílé, báyìí ló ṣe máa ń lọ. Bàbá wa á ní, "Sọ fún àbúrò ẹ pé bí kò bá wá síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, kó má ṣe wàhálà àtiwá síbi tèmi." Èmi á pe àbúrò mi: "Bàámi ní kó o gbìyànjú kó o wá o. Inú wọn á dùn." Òun á ní, "Àǹtí mi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa gbádùn ara wọn." Èmi á sì padà lọ jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe wà, "Ó ní kí ẹ máa gbádùn ara yín, sà," ní ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé àdúrà ni. Bàbá wa á mi orí, wọ́n á ní, "Hùn." Bó ṣe ń lọ nìyẹn, tí bàbá wa fi ń bínú sí ọmọ kan tí kò sí níbì kankan, tí ọmọ náà sì ń sá fún bàbá kan tí èmi ti fi ṣúgà pa lára. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni àwọn méjèèjì rò síra wọn gan-an, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Agbára ni. Ẹni tó ń làjà kì í sábà sọ ọ́ síta pé agbára wà níbẹ̀.

Èyí ló mú mi padà sí Purple Hibiscus, tí mo ti kà nígbà kan rí, tí mo rò pé mo mọ̀. Chimamanda Ngozi Adichie ló kọ ọ́, ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, 2003 ló jáde. Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 ló ń sọ ọ́, Kambili, ìyẹn sì tó fún mi. Ilé olówó ni, ní Enugu. Eugene, bàbá rẹ̀, ní ilé iṣẹ́, ó ní ìwé ìròyìn, ó ní ìgbàgbọ́ tó le bí òkúta. Ó kọ àkókò ohun gbogbo sórí ìwé fún àwọn ọmọ: àkókò ẹ̀kọ́, àkókò àdúrà, àkókò oorun. Bó bá ń mu tíì, á ní kí wọ́n wá mu díẹ̀ nínú ife òun, kí wọ́n lè bá òun pín nínú ohun tí òun fẹ́ràn. Tíì náà gbóná. Ó ń jó Kambili lahọ́n, Kambili sì ń sọ fún wa pé bó ṣe ń jó òun ni ìfẹ́ bàbá òun ń wọ òun lára. Kò fi sùn. Ó ń dúpẹ́ ni. Àwa tí à ń kà á ni ara wa ń bù máṣọ.

Ìka ọwọ́ Jaja, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti bàjẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, torí pé ó kùnà ìbéèrè méjì nínú ìdánwò katikísìmù. Ojú ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé àǹtí wọn ní Nsukka, ilé tí oúnjẹ ò tó, tí omi ò yọ, tí gbogbo ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ àǹtí wọn bi Kambili pé kí ló dé tó fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níléèwé. A máa ń sọ pé ilé rere ló ti wá.

Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo òbí mọ̀: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tísà, bàbá wa kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì wọn. Eugene ń ṣe é! Ó fi bẹ́líìtì na gbogbo ilé, lẹ́yìn náà ó gbá àwọn ọmọ mọ́ra, ó bi wọ́n bóyá bẹ́líìtì náà dùn wọ́n. Ó da omi gbígbóná sí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, omijé ń bọ́ lójú òun náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pé, ọwọ́ òsì rẹ̀ pé. Ìwé náà kò bá òwe wa jà, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kà á, ń kì í lè gbọ́ òwe yẹn kí n mi orí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó sì jẹ́ kí ó ṣòroó kórìíra Eugene tán ni pé ènìyàn dáadáa ni níta. Nígbà tí ológun ń ṣèjọba, tí àwọn ẹlòmíràn panu mọ́, ìwé ìròyìn rẹ̀ kò panu mọ́. Wọ́n fi bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa Ade Coker, olóòtú rẹ̀, nínú ilé, lórí tábìlì oúnjẹ. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ yóò ti rántí Dele Giwa, tí wọ́n pa báyìí gẹ́lẹ́ ní Ìkẹjà ní October 19, 1986. Eugene tọ́jú ìyàwó àti ọmọ Ade Coker. Ó ń san owó iléèwé ọmọ tí kò mọ̀ rí. Abúlé rẹ̀ fi í joyè. Bí ẹ bá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ìwé yìí ní ìlú wa, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ṣùgbọ́n ó kúkú ń tọ́jú wọn." Kò yà mí lẹ́nu. Hẹdimásítà ni bàbá mi. Mo mọ bó ṣe rí kí gbogbo àdúgbò máa yin ẹni tí o kò lè bá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá wa kì í ṣe Eugene o. Wọn ò da omi gbígbóná sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyìn yẹn, mo mọ bó ṣe ń dí ọmọ lẹ́nu.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé náà, bàbá àtọmọ ni mo ń wò. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá ni mo wò. Mama kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní àwọn ère kéékèèké kan lórí pẹpẹ onígíláàsì, ère àwọn oníjó. Bí ariwo bá ti yàrá òun àti ọkọ rẹ̀ wá lóru, á sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ojú wíwú, á máa fi aṣọ nu ère wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi nu gbogbo wọn. Nígbà tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ nítorí lílù, àwọn ọmọ ló nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ní Sunday ọ̀pẹ, Jaja kọ̀ láti gba oúnjẹ Olúwa, bàbá sọ ìwé àdúrà lù ú, kò bà á, àwọn ère náà ló bà. Gbogbo wọn fọ́. Mama ní òun ò ní ra òmíràn.

Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé náà, kó fo ìpínrọ̀ tó kàn. Mo ti kìlọ̀.

Mama ló pa Eugene. Díẹ̀díẹ̀, láti inú tíì. Obìnrin tó ń fi aṣọ nu ère, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá yín ní ohun tó pọ̀ lórí, òun ló ń bu májèlé sí ife kan náà tí wọ́n ti ń mu ìfẹ́. Jaja sọ fún ọlọ́pàá pé òun ni, ó sì lò ju ọdún méjì lọ lẹ́wọ̀n fún ohun tí kò ṣe. Ìyá ń sọ fún aráyé pé òun ni. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú, wọn ò gbọ́. Àní nígbà tó jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó kà á sí. Gbogbo ìwé náà ni Kambili fi wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú ilé kan náà, tí kò sì wo ibẹ̀. Àwa náà ò wò ó. Mo padà lọ ka àwọn ojú ewé àkọ́kọ́, mo rí i pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ ìnuǹkan lọ́wọ́.

Mi ò ní májèlé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹni tó ń tún ilé ṣe lẹ́yìn ìjà ṣe ń dákẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn ka irú ìwé yìí. Wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ láti wo àbùkù bàbá. Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa náà ti ń sọ ìtàn ilé tó dàrú tipẹ́. Nínú àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa, ọmọ máa ń jìyà títí. Kìkì pé kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Ìyá rẹ̀ ti kú, orogún ìyá rẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́, ó rán an lọ sódò nítorí igbá kan ṣoṣo. Ìwé àtijọ́ wa náà gba ọ̀nà yẹn: nínú Kúyẹ̀, tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní 1964, ọmọ òrukàn tí etí rẹ̀ di, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ló ń jìyà lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀. Ọmọ tó jókòó lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ń gbọ́ àlọ́ lè sunkún fún ọmọ òrukàn láìwo ojú bàbá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn fi ibì kan sílẹ̀ lófìfo. Orogún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ilé àwa tí à ń gbé fúláàtì. Bàbá, ìyá, ọmọ ló kù, ìjà ò sì tán.

Mo gbìyànjú Children of Blood and Bone náà, torí pé ọmọ wa ló kọ ọ́: Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí i ní Amẹ́ríkà. 2018 ló jáde, ó sì tà gan-an. Òrìṣà àti idán ló kún inú rẹ̀. (Àmì tóótòòtó méjì tó wà lórí lẹ́tà kan nínú orúkọ ilẹ̀ inú ìtàn náà, Orïsha, kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ Yorùbá níléèwé kọjá ojú ewé kẹta.) Ní tèmi, ọba Saran àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Inan àti Amari, ni mo wò. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bàbá fún wọn ní idà gidi kí wọ́n bá ara wọn jà, àpá tí ẹ̀gbọ́n dá sí àbúrò lẹ́yìn kò sì parẹ́. Inan ni ẹni kẹta níbẹ̀. Ó fẹ́ kí bàbá yìn ín, ó fẹ́ kí àbúrò dárí jì í, ó ń bá àwọn méjèèjì lọ títí tí idà bàbá fi bá òun náà, tí bàbá sì kú sọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Ìtàn náà dùn, mo kà á tán ní kíá. Ṣùgbọ́n idà máa ń parí ìjà jù. Ilé tí mo mọ̀ kì í ní ìparí. Wọ́n á jà ní àárọ̀, wọ́n á tún jọ wo ìròyìn agogo mẹ́sàn-án.

Mo yá àbúrò mi ní The Outsiders. Mo rò pé Ponyboy ni yóò gbè lẹ́yìn, ta ni ì bá tún gbè lẹ́yìn? Ó pè mí lọ́jọ́ Sátidé, klíípà ń dún lẹ́yìn rẹ̀. "Àǹtí mi, Darry jàre o. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Ẹ wá wo àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ níbí, bí mi ò bá pariwo, wọn ò ní gbọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo bi í nípa Soda. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn rí yín gan-an," ó sì ní oníbàárà ń dúró.

Purple Hibiscus ni mo gbé fún bàbá wa. Wọ́n fi bírò pupa kà á, bí wọ́n ṣe ń ka gbogbo ìwé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Ọkùnrin yìí ti le jù." Mo dúró dè wọ́n. Wọ́n ní, "Àmọ́ ìyá yẹn, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?" Ìyá wa wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló bi í?"

Bàbá wa ò dáhùn, èmi náà ò dá sí i. Ó nira fún mi díẹ̀, kí n má purọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn kan ti wà lẹ́nu mi tí ì bá tètè tú afẹ́fẹ́ náà ká.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá wa tún bẹ̀rẹ̀ "Sọ fún àbúrò ẹ pé," mo ní, "Ẹ má bínú sà, nọ́ńbà rẹ̀ rèé." Wọ́n wò mí bí ẹni tó yájú. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún wọn ní lẹ́tà ńlá, torí ojú wọn. Bébà náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà pípẹ́. Àbúrò mi náà ò rí mi rán mọ́. Ó bínú sí mi ju bàbá wa lọ, ó ní mo ti pa òun tì.

Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí, lọ́nà kan ṣá. Bàbá wa ló kọ́kọ́ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, Òyìnbó pọ́ńbélé, kọ́mà àti àmì ìdánudúró pé síbi tó yẹ, orúkọ wọn lódindi nísàlẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé sí ìjọba. Àbúrò mi fi í ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí mi, kí ni kí n dá wọn lóhùn?" Mo ní mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti epo jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń bára wọn sọ. Iṣẹ́ báábà kò tíì bọ́ síbẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ tó le síra wọn, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn fi nǹkan pa á lára. Ìyá wa nìkan ni kò fẹ́ràn ètò tuntun yìí. Wọ́n ní ilé ti dákẹ́ jù, pé tẹ́lẹ̀ àwọn máa ń gbọ́ ohun tó ń lọ lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí sí ilé ìdáná, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀: "Bá mi bi bàbá ẹ, kí ni ọmọ yẹn sọ fún wọn lánàá?"